Mọ́nítọ̀ méjì, dẹ́sítọ́ọ̀pù kan, láptọ́ọ̀pù kan: báwo lẹ ṣe ń pín in lò?

Ìyá Fídíò, Òkè-Àdó

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Fídíò òde ni mò ń gé jẹun: ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìsọmọlórúkọ. Dẹ́sítọ́ọ̀pù kan tó ní káàdì àwòrán ni mo fi ń ṣe é. Mo tún ń bá iléeṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ láti ilé. Àwọn ló fún mi ní láptọ́ọ̀pù, wọn ò sì fẹ́ kí iṣẹ́ wọn dé orí ẹ̀rọ mìíràn. Mọ́nítọ̀ méjì ló wà lórí tábìlì mi. Ọ̀kan jẹ́ tòkunbọ̀ ínǹsì 24, ó ní ihò wáyà àwòrán oríṣi mẹ́ta: VGA, DisplayPort kan àti HDMI kan. Èkejì jẹ́ ínǹsì 27, tuntun ni mo rà á, ó ní HDMI, DisplayPort àti USB-C. Láptọ́ọ̀pù ní HDMI kan àti USB-C méjì. Káàdì tó wà nínú dẹ́sítọ́ọ̀pù ní HDMI kan àti DisplayPort mẹ́ta.

Bí mo bá fẹ́ kúrò lórí fídíò kí n bọ́ sórí iṣẹ́ ọ́fíìsì, àfi kí n wọ abẹ́ tábìlì, kí n yọ wáyà dẹ́sítọ́ọ̀pù, kí n ki ti láptọ́ọ̀pù bọ̀ ọ́. Bí iná bá sì lọ, dẹ́sítọ́ọ̀pù kú nìyẹn, láptọ́ọ̀pù ṣì ń ṣiṣẹ́, mọ́nítọ̀ ńlá á wá dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò níṣẹ́. Yíyọ yìí ti jẹ́ kí ihò HDMI ara tòkunbọ̀ máa mì. Ẹnì kan ní Dùgbẹ̀ ní kí n ra àpótí kékeré kan, splitter ló pè é, ó ní òun ni yóò yanjú ẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni? Mi ò fẹ́ kó owó lé ohun tí yóò kàn máa kó eruku.

Bọ̀dá Wáyà, Ògùnpa

Àǹtí, ẹ fi owó yín sápò ná. Splitter kọ́ lẹ ń wá. Splitter máa ń gba àwòrán lára kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, yóò sì gbé àwòrán kan náà sójú mọ́nítọ̀ méjì tàbí mẹ́rin. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ló nílò rẹ̀, kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn náà lè rí ọ̀rọ̀ orin. Èyí tó ń gba kọ̀ǹpútà méjì wọlé, tó sì ń yan ọ̀kan fún mọ́nítọ̀ kan, switch nìyẹn. Àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì lórí káńtà, ẹni tó ń tà á gan-an a máa ṣì wọ́n mú fúnra wọn. Ẹ yí i padà kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Bí IN bá jẹ́ ọ̀kan tí OUT jẹ́ méjì, splitter ni. Bí IN bá jẹ́ méjì tí OUT jẹ́ ọ̀kan, switch ni. Àwọn kan wà tó ní bọ́tìnì lórí tó ń ṣiṣẹ́ síwá sẹ́yìn, ìyẹn náà ń ṣe iṣẹ́ switch.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ẹ ò tíì nílò switch pàápàá. Mọ́nítọ̀ tó bá ti ní ju ihò kan lọ ti ní switch tirẹ̀ nínú. Ẹ ṣe é báyìí:

Ẹ fi DisplayPort so dẹ́sítọ́ọ̀pù mọ́ tòkunbọ̀. Ẹ fi DisplayPort mìíràn so ó mọ́ ínǹsì 27. Ẹ fi HDMI so láptọ́ọ̀pù mọ́ tòkunbọ̀, kẹ́ ẹ wá fi USB-C so ó mọ́ ínǹsì 27. Wáyà mẹ́rin, gbogbo wọn á dúró síbẹ̀ tọ̀sán-tòru, ẹ ò ní yọ ìkankan mọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ paárọ̀, bọ́tìnì abẹ́ mọ́nítọ̀ lẹ máa tẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Input tàbí Source sí, ẹ yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ kan nípa DisplayPort: eyín kékeré méjì máa ń wà lórí rẹ̀ tó ń kọ́ inú ihò. Kẹ́ ẹ tó fà á, ẹ tẹ bọ́tìnì tó wà lórí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń fà á tipátipá ló máa ń ba ihò jẹ́, èmi ni wọ́n sì máa ń gbé e wá bá.

Ọmọ Agbowó

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá. Mo kàn fẹ́ fi díẹ̀ kún un.

Nínú mẹ́nù mọ́nítọ̀, ẹ wá Auto Input tàbí Auto Source. Bó bá wà ní ON, tí dẹ́sítọ́ọ̀pù bá sùn, mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ máa lọ bá láptọ́ọ̀pù. Ó dùn fún ẹni tí kì í tan méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá jọ wà ní títàn, mọ́nítọ̀ mìíràn á máa fò kiri bí ọ̀kan bá ti sùn, tẹ́ ẹ bá ń kọ lẹ́tà lọ́wọ́, ojú iṣẹ́ á kàn yí padà. Ẹ pa á nígbà náà. Ẹ tún wò ó bóyá mọ́nítọ̀ yín lè fi Input sórí bọ́tìnì kan ní tààràtà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní i, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ máa rìn káàkiri inú mẹ́nù.

Ìyá Fídíò, ẹ dákun, ẹ lọ wo ẹ̀yìn ínǹsì 27 yẹn fún mi. Ṣé ihò USB onígun mẹ́rin kan wà níbẹ̀, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé? Ṣé ihò USB pẹlẹbẹ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Ìyá Fídíò, Òkè-Àdó

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Bọ̀dá Wáyà, mo ti so DisplayPort méjèèjì, ó ṣiṣẹ́. USB-C ló kọ̀. Mo fi wáyà tí mo fi ń gba iná sínú fóònù so láptọ́ọ̀pù mọ́ mọ́nítọ̀, mọ́nítọ̀ ní òun ò rí nǹkan kan. Mo gbé e lọ sí ihò kejì, ó fẹjú mọ́ mi bákan náà.

Ọmọ Agbowó, ihò onígun mẹ́rin wà lóòótọ́, USB pẹlẹbẹ méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ni wọ́n wà fún?

Bọ̀dá Wáyà, Ògùnpa

Wáyà fóònù ni ìṣòro yẹn, kì í ṣe mọ́nítọ̀. USB-C jẹ́ ìrísí ẹnu wáyà lásán, kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá fóònù wá, iná ló wà fún, àti dátà díẹ̀. Okùn tó ń gbé àwòrán kò sí nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ wá wáyà tó bá mọ́nítọ̀ wá nínú páálí. Bó bá ti sọnù, ẹ béèrè èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ń gbé fídíò, tàbí ti Thunderbolt, irú USB-C kan tó lágbára. Kẹ́ ẹ má gba "gbogbo wọn ọ̀kan náà ni" lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ìhà kejì ni láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ihò USB-C ló ń gbé àwòrán jáde. Ẹ wo ara rẹ̀: bí àmì mànàmáná kékeré tó ní orí ọfà bá wà, Thunderbolt ni, ó ń gbé àwòrán. Bí lẹ́tà D àti P tó wọnú ara wọn bá wà, ó ń gbé àwòrán. Bó bá jẹ́ àmì bátìrì tàbí ti iná nìkan, ẹ má fọkàn sí i. Bí kò bá sí àmì kankan, ẹ kọ orúkọ àti nọ́mbà láptọ́ọ̀pù náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ ka ohun tí àwọn tó ṣe é sọ.

Ìyá Fídíò, Òkè-Àdó

Páálí ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù! Wáyà náà wà nínú ọ̀rá rẹ̀, ó nípọn ju ti fóònù lọ dáadáa. Mo ki í bọ ihò tó ní mànàmáná, àwòrán jáde lójú ẹsẹ̀, láptọ́ọ̀pù sì ń gba iná lára mọ́nítọ̀. Mo ti yọ ṣájà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀gá Ìńfátà, Àpẹ́tẹ́

Ibi tí mo ń dúró dè nìyẹn. Ẹ kí mi kú ìrọ́jú, torí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ pọ̀ díẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ti iná ló kàn wá jù ní ìlú tiwa.

Mọ́nítọ̀ LED ínǹsì 24 kì í sábà jẹ ju wáàtì 20 sí 30 lọ. Láptọ́ọ̀pù tó ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹ fi í sí wáàtì 45. Dẹ́sítọ́ọ̀pù tó ń gé fídíò pẹ̀lú káàdì àwòrán lè jẹ wáàtì 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá gbóná sí iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi bátìrì olómi kan ti fóltì 12 (12V), 200Ah, ṣírò. Wáàtì-wákàtí 2,400 ló wà nínú rẹ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n bátìrì olómi, ìdajì ló yẹ kẹ́ ẹ máa lò kó má bàa tètè kú, ìyẹn 1,200. Ìńfátà fúnra rẹ̀ á jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú mọ́nítọ̀ kan á lò tó wákàtí 14 lórí rẹ̀. Dẹ́sítọ́ọ̀pù pẹ̀lú mọ́nítọ̀ kan, wákàtí 3, tó bá tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo máa ń gba àwọn oníbàárà mi nímọ̀ràn nìyí: ẹ fi mọ́nítọ̀ àti láptọ́ọ̀pù sí ojú iná ìńfátà. Ẹ fi dẹ́sítọ́ọ̀pù sí ojú iná lásán, pẹ̀lú UPS tó lè gbé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ pamọ́ kẹ́ ẹ sì pa á. Iná lọ, ẹ pa dẹ́sítọ́ọ̀pù, ẹ tẹ Input, iṣẹ́ ọ́fíìsì ń lọ lórí mọ́nítọ̀ yẹn kan náà. Iná dé, ẹ padà sórí fídíò. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ méjì bíi ti Ìyá Fídíò, àkókò tí iná bá wà ni kó máa gé fídíò, kó fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sí ìgbà tí kò bá sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí èyí náà. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ara irin dẹ́sítọ́ọ̀pù tó ń gbọ̀n yín lọ́wọ́ fìì, earth (wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀) kò sí nílé yẹn. Wáyà HDMI ní irin lára, bó bá so ẹ̀rọ méjì tí kò sí lórí earth kan náà pọ̀, iná á gba inú wáyà yẹn kọjá, ihò HDMI lè jó. Ẹ pe oníná kó ri earth mọ́lẹ̀ fún yín. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ rí i pé ẹ̀rọ méjèèjì wà ní pípa pátápátá kẹ́ ẹ tó ki wáyà bọ ara wọn. Bí òjò bá ń ṣú tí àrá ń sán, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lára ògiri. Stabilizer kò dá àrá dúró.

Alákọ̀wé Bódìjà

Ọ̀gá Ìńfátà, ẹ ṣé gan-an. Ti earth yẹn, mo ní láti pe oníná ilé wa lónìí.

Ẹ̀yin ará, gbogbo wa ti sọ̀rọ̀ àwòrán, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ńkọ́? Àbí kí Ìyá Fídíò ní kíbọ́ọ̀dù méjì lórí tábìlì kan, kó máa tẹ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀?

Ọ̀nà tí mo mọ̀ tó rọ̀ jù ni àpótí USB kékeré, USB switch ni wọ́n ń pè é. Wáyà méjì jáde lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan lọ sí dẹ́sítọ́ọ̀pù, èkejì lọ sí láptọ́ọ̀pù. Kíbọ́ọ̀dù, máòsì àti kámẹ́rà wọ iwájú rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì kan, gbogbo wọn ṣí lọ sí òdìkejì. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti KVM, àpótí tó ń yí kíbọ́ọ̀dù, máòsì àti àwòrán padà pọ̀, nítorí èyí kò kan àwòrán rárá.

Kíbọ́ọ̀dù aláìní-wáyà tó lè mọ ẹ̀rọ mẹ́ta náà wà, èyí tó ní bọ́tìnì 1, 2, 3 lórí. Ti Logitech wọ́pọ̀ níbí. Ó dára, àfi pé kíbọ́ọ̀dù ní bọ́tìnì tirẹ̀, máòsì náà ní tirẹ̀ lábẹ́ ikùn, ẹ ó máa tẹ méjèèjì.

Ọmọ Agbowó

Sọ́fítíwíà tún wà. Mouse without Borders, Microsoft ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, inú PowerToys, àkójọ irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ Microsoft fún Windows, ló wà láti 2023. Bí ẹ̀rọ méjèèjì bá wà lórí ráútà kan náà, ẹ kàn fa máòsì kọjá etí mọ́nítọ̀ kan, á bọ́ sórí kọ̀ǹpútà kejì, kíbọ́ọ̀dù á tẹ̀lé e. Ẹ lè da ọ̀rọ̀ kọ lórí èyí kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ sórí ìkejì. Ó ń gba títí dé kọ̀ǹpútà mẹ́rin. Kò sì jẹ dátà yín, nítorí inú ilé ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Windows nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́ o. Ẹni tó bá da Linux tàbí Mac pọ̀ mọ́ ọn, kó wá Deskflow.

Èyí wúlò gan-an bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí mọ́nítọ̀ kan wà fún dẹ́sítọ́ọ̀pù, kí èkejì wà fún láptọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ máa wo méjèèjì pọ̀.

Alákọ̀wé Bódìjà

Àbúrò, láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì ni obìnrin náà ní. Ṣé ọ̀gá rẹ̀ máa gbà kó fi sọ́fítíwíà tó ń da ọ̀rọ̀ kọ láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn sí i? Wọ́n ti ní iṣẹ́ àwọn kò gbọdọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa, bó o bá fẹ́ fi ohunkóhun sí i, á béèrè páásíwọ́ọ̀dù tí ìwọ ò ní. Àpótí tó ń ṣiṣẹ́ láìfi nǹkan kan sórí láptọ́ọ̀pù ló bá a mu.

Ọmọ Agbowó

Òótọ́ lẹ sọ, sà. Mo sáré lọ síwájú ìbéèrè.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí ihò onígun mẹ́rin. Ìyá Fídíò, mọ́nítọ̀ yín ti ní USB switch nínú. Ẹ fi wáyà onígun mẹ́rin so mọ́nítọ̀ mọ́ USB dẹ́sítọ́ọ̀pù. Ti láptọ́ọ̀pù ti wà nínú USB-C yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ ki kíbọ́ọ̀dù àti máòsì bọ ihò pẹlẹbẹ méjèèjì lára mọ́nítọ̀. Ẹ wọ mẹ́nù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ USB tàbí KVM sí, ẹ sọ fún un pé DisplayPort ló ni ihò onígun mẹ́rin, USB-C ló ni tirẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, bẹ́ ẹ bá ti yí Input padà, kíbọ́ọ̀dù á tẹ̀lé àwòrán lọ.

Kì í ṣe gbogbo mọ́nítọ̀ ló ní i. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ní USB-C àti ihò onígun mẹ́rin pọ̀, ó yẹ kéèyàn yẹ mẹ́nù rẹ̀ wò kó tó náwó.

Àlàájì Kọ̀ǹpútà, Ìwó Róòdù

Àsàlámù alaykum. Mo ń ta KVM, ẹ jẹ́ kí n gbèjà ọjà mi díẹ̀.

Tẹ̀ bọ́tìnì mọ́nítọ̀ kan, tẹ̀ ti èkejì, ó dára fún ẹni tó ń paárọ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, lẹ́ẹ̀kan lálẹ́. Ẹni tó ń fò síbí fò sọ́hùn-ún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, á sú u. KVM ń kó kíbọ́ọ̀dù, àwòrán àti máòsì pọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ wọn, ẹ tẹ Scroll Lock lẹ́ẹ̀mejì, ó ti lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà á, ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, bí mọ́nítọ̀ bá jẹ́ méjì, KVM onímọ́nítọ̀ méjì ni kẹ́ ẹ béèrè. Ihò àwòrán mẹ́rin ní wíwọlé, méjì ní jíjáde. Láptọ́ọ̀pù sì gbọ́dọ̀ lè gbé àwòrán méjì jáde fúnra rẹ̀; KVM kì í dá àwòrán sílẹ̀, ó kàn ń darí èyí tó bá rí ni. Ìkejì, bí mọ́nítọ̀ yín bá jẹ́ 4K (irú èyí tí àwòrán rẹ̀ mú gan-an), ẹ rí i pé HDMI 2.0 ni wọ́n kọ sí i. HDMI 1.4 ti 2009 ń gbé 4K, ṣùgbọ́n ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni, ẹ ó rí i bí máòsì á ṣe máa wọ́ ẹsẹ̀. HDMI 2.0 tó dé ní 2013 ló ń gbé e ní 60.

Bọ̀dá Wáyà, Ògùnpa

Àlàájì, ẹ kú ọjà. Ẹ ò sọ ti EDID fún wọn.

Ẹ̀yin ará, mọ́nítọ̀ máa ń sọ irú ẹni tóun jẹ́ fún kọ̀ǹpútà: ìwọ̀n ojú òun, iye ìgbà tóun ń yí àwòrán. Ọ̀rọ̀ yẹn ni EDID. KVM pọ́ọ́kú, bẹ́ ẹ bá paárọ̀, ó máa ń já ọ̀rọ̀ yẹn lójú ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ á rò pé wọ́n ti yọ mọ́nítọ̀, á kó gbogbo fèrèsé tẹ́ ẹ ṣí jọ sójú kan. Nígbà tẹ́ ẹ bá padà, gbogbo nǹkan ti dàrú. KVM tó ń di EDID mú fún kọ̀ǹpútà méjèèjì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló sì wọ́n jù.

Àlàájì Kọ̀ǹpútà, Ìwó Róòdù

Bọ̀dá, ẹ ti ta ọjà mi tán fún mi. Òótọ́ ni o. Èyí tó ń di EDID mú wà lọ́wọ́ mi, àfi pé owó rẹ̀ lè mú kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jókòó.

Ìyá Fídíò, Òkè-Àdó

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á bùkún un yín. Mo ṣe bí Ọmọ Agbowó ṣe wí. Nínú mẹ́nù mọ́nítọ̀ ńlá, KVM wà níbẹ̀ ní lẹ́tà gbàgàdà, kíbọ́ọ̀dù mi sì ń tẹ̀lé àwòrán báyìí. Wáyà onígun mẹ́rin nìkan ni mo rà, irú ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ní Queen Cinema.

Ó ku nǹkan méjì. Bí mo bá gbé ínǹsì 27 fún láptọ́ọ̀pù tí mo fi tòkunbọ̀ sílẹ̀ fún dẹ́sítọ́ọ̀pù, máòsì dẹ́sítọ́ọ̀pù ṣì máa ń sá lọ sójú mọ́nítọ̀ tí mi ò rí. Fèrèsé kan ṣí sọ́hùn-ún lánàá, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, mi ò rí i. Ìkejì, bí mo bá pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé, ó sùn.

Alákọ̀wé Bódìjà

Ti ìdérí rọrùn. Nínú Control Panel, ẹ wọ Power Options, ẹ wá "Choose what closing the lid does", ẹ yan "Do nothing" sí abẹ́ "Plugged in". Ẹ fi ti bátìrì sílẹ̀ bó ṣe wà, kó má bàa máa jó nínú báàgì lójú ọ̀nà. Ẹ gbé e sókè díẹ̀ lórí tábìlì kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀, pàápàá nínú ooru oṣù kẹta yìí.

Ọmọ Agbowó

Ti fèrèsé tó sá lọ: dẹ́sítọ́ọ̀pù kò mọ̀ pé ẹ ti gbé ojú mọ́nítọ̀ fún ẹlòmíràn, torí wáyà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tẹ fèrèsé náà lábẹ́, lórí taskbar, kẹ́ ẹ wá di bọ́tìnì Windows àti Shift mú pọ̀, kẹ́ ẹ tẹ ọfà òsì tàbí ọ̀tún. Yóò fò padà sójú mọ́nítọ̀ tẹ́ ẹ ń wò. Bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ó pẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, Windows àti P lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù, ẹ yan ojú kan ṣoṣo. Bó bá ṣe tòkunbọ̀ gan-an ló pa, ẹ wọ Settings kẹ́ ẹ fi tòkunbọ̀ ṣe mọ́nítọ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́.

Bó bá jẹ́ òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀, tí àwọn fèrèsé ń wó jọ bí mọ́nítọ̀ bá lọ, Windows 11 ní ohun kan nínú Settings, abẹ́ Display, Multiple displays: "Remember window locations based on monitor connection". Ẹ fi àmì sí i.

Mo tún ní ìwé àṣẹ kékeré kan fún àwọn tí kò fẹ́ máa na ọwọ́ sí bọ́tìnì mọ́nítọ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ló ń gba àṣẹ láti inú kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní DDC/CI. Lórí Linux, ẹ kọ:

ddcutil setvcp 60 0x11

60 ni nọ́mbà Input, 0x11 sì sábà máa ń jẹ́ HDMI àkọ́kọ́, 0x0f jẹ́ DisplayPort àkọ́kọ́. Lórí Windows, ControlMyMonitor ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ kọ àṣẹ fún mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ so wọ́n mọ́ bọ́tìnì kan lórí kíbọ́ọ̀dù, mọ́nítọ̀ méjèèjì á yí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orí dẹ́sítọ́ọ̀pù yín lẹ máa fi í sí, kò kan ti ọ́fíìsì.

Oní-Mac, Jẹ́ríkò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àwa oní-Mac. MacBook Air tó ní ṣíìpù M1 tàbí M2, mọ́nítọ̀ ìta kan ṣoṣo ló ń gbé. Ẹ lè ra dock, àpótí tó ń fi ihò kún ti láptọ́ọ̀pù, kó wọ́n bí ojú, kò ní sọ ọ́ di méjì. Àfi bẹ́ ẹ bá lo DisplayLink, tó ní sọ́fítíwíà tirẹ̀. M3 ń gbé méjì bẹ́ ẹ bá pa ìdérí rẹ̀ dé. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó kọ́kọ́ béèrè èyí.

Síso mọ́nítọ̀ kan mọ́ ìkejì pẹ̀lú DisplayPort, tí Windows ń ṣe wẹ́rẹ́, Mac kì í ṣe é. Àwòrán kan náà ló máa jáde lójú méjèèjì.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, mo ń kà á bọ̀ láti òkè. Mọ́nítọ̀ tèmi ní DisplayPort àti VGA nìkan, láptọ́ọ̀pù mi sì ní HDMI nìkan. Mo ra wáyà tó ní DisplayPort lẹ́nu kan, HDMI lẹ́nu kejì. Kò mú nǹkan kan wá.

Bọ̀dá Wáyà, Ògùnpa

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wáyà yẹn ń rìn, láti ara kọ̀ǹpútà tó ní DisplayPort lọ sí mọ́nítọ̀ tó ní HDMI. Tìrẹ ń lọ lódìkejì. Èyí tó ń yí HDMI padà sí DisplayPort ní ẹ̀rọ nínú, ó sì sábà máa ń ní okùn USB kékeré tó ń fa iná. Tí kò bá sí okùn yẹn lára rẹ̀, béèrè dáadáa kó o tó sanwó. HDMI sí VGA rọ̀ jù ú lọ lówó, á sì ṣiṣẹ́ fún ọ. Lẹ́tà lè máà mú bíi ti DisplayPort, ohùn kò sì ní gba inú VGA kọjá, ara láptọ́ọ̀pù ni ohùn á ti máa jáde.

Ìyá Fídíò, Òkè-Àdó

Windows, Shift àti ọfà, ó ṣiṣẹ́! Ìdérí náà ti gbọ́ràn.

Ọ̀rọ̀ ohùn tẹ́ ẹ wá dá yìí, ṣé òun ló fà á tí ohùn ìpàdé ọ́fíìsì fi ń jáde láti inú mọ́nítọ̀ ńlá, tí etí mi dákẹ́? Ọkọ mi gbọ́ gbogbo ohun tí ọ̀gá mi sọ láàárọ̀.

Alákọ̀wé Bódìjà

Hẹ̀n-ẹ́n. USB-C àti HDMI ń gbé ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán, Windows sì máa ń sáré gbé ohùn lọ bá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹ tẹ àmì ohùn nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ yan ohun tẹ́ ẹ fi sétí. Bẹ́ ẹ ò bá nílò ohùn lára mọ́nítọ̀ láé, ẹ wọ Sound nínú Settings, ẹ tẹ orúkọ mọ́nítọ̀ yẹn, ẹ yan "Don't allow". Ẹ fi ti dẹ́sítọ́ọ̀pù sílẹ̀ o, ẹ ó nílò rẹ̀ fún orin òde.